Sí Bàbá Ṣóbándé, lórí Ìyá tó Ń Dá Rósárì Tí Ó Fi Wá Sílẹ̀

Ẹgbẹ́ Rósárì Mímọ́,
Ilo-Awela, Ṣàngó-Ọ̀tà.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, 2024.

Sí Bàbá Ọláṣùpọ̀ Ṣóbándé, pẹ̀lú Amos àti Jemimah, àwọn ọmọ wa,

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni gbogbo àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Rósárì Mímọ́ fi ń kọ ìwé yìí sí yín lórí ìpapòdà Màmá Cecilia Rónkẹ́ Ṣóbándé, aya yín, olórí wa, tí ẹ̀jẹ̀ ríru já gbà mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Inú oṣù Rósárì gan-an ni ikú yọ ẹni tó ń dá Rósárì kúrò láàrin wa. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fẹnu sọ tán.

Nígbà tí a wá kí yín lọ́jọ́bọ̀, ẹ fún wa lága, ẹ fún wa lómi. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ní ká fa ìlẹ̀kẹ̀ yọ, ẹ na ọwọ́ dá wa dúró. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á nínú ilé yìí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Amos fi ń dá a, tí èmi ń gbè é. Ta ni yóò dá a báyìí?” Ẹ wọ yàrá lọ, ẹ sì ti ilẹ̀kùn.

A ò ní purọ́ fún yín, Bàbá. Bí a ṣe ń padà lọ, ẹnìkan láàrin wa ní ìgbàgbọ́ yín ti yẹ̀, ó ní bóyá ẹ ò ní gbàdúrà mọ́ láyé yín. Lójú ọ̀nà níbẹ̀ la ti ní kó panu mọ́. Ẹni tí wọ́n gé apá rẹ̀ kan, ta ló ń bi í pé kí ló dé tí kò pàtẹ́wọ́? Gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn yín méjèèjì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Màmá á ní, “Mo kí ọ, Màríà,” títí dé ìdajì, ẹ̀yin á gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run.” Ìdajì yẹn ló kù nílé yín báyìí. A mọ̀ pé ó wúwo.

Ìtàn kan wà tí a ò rò pé Màmá sọ fún yín dé ìdí, nítorí kì í ròyìn ara rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ló fi di ọṣẹ sí páálí nílé iṣẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú ìlẹ̀kẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ má baà fà á. Màmá kò bá wọn jà. Ó wo páálí: ìpele márùn-ún, ọṣẹ mẹ́wàá ní ìpele kọ̀ọ̀kan, pépà kan lábẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Wọ́n ti ṣe Rósárì sílẹ̀ dè mí!” Ọṣẹ kan, Mo kí ọ Màríà kan. Bó bá ń tẹ́ pépà, á ka Baba wa. Páálí kan kún, Rósárì kan parí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni Àdúràolúwa Fọláwẹwọ́ dé ìdí ẹ̀rọ yẹn láti Àtàn-Ọ̀tà. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí ọkọ rẹ̀ kú. Ojú rẹ̀ ń wo ọṣẹ, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Páálí tirẹ̀ á jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, òmíràn á jẹ́ méjìléláàádọ́ta. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún ṣìṣe, ilé yá. Ọmọ méjì sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Màmá ní kó máa fi Rósárì ka ọṣẹ. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

“Ìyá, kí ni mo tún fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹni tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ti kú.”

Màmá kò wàásù kankan. Ó ní, “Má bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan. Èmi á dá a, ìwọ gbè é. Bí o ò bá lè gbè é, ṣáà máa to ọṣẹ.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni Àdúràolúwa fi to ọṣẹ láìlanu. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbè é. Láti ìgbà náà ni páálí rẹ̀ ti ń pé géérégé.

Àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé Màmá lọ sí ìdí ẹ̀rọ mìíràn. Àdúràolúwa ní kí òun dá a fúnra òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti orí Mo kí ọ Màríà mẹ́ta tó máa ń ṣáájú. Ó fún àwọn mẹ́ta yẹn náà ní ọṣẹ tiwọn! Gbogbo páálí ọjọ́ náà ló jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta, ìdérí kan ò pa dé. Alhaji Kàdírì, ọ̀gá wọn, figbe ta: “Ta ló ń fi ọṣẹ ọlọ́ṣẹ ṣe sàráà níbí?” Màmá sáré dé.

“Ọ̀gá, èmi ni kí ẹ bá wí, èmi ni mo kọ́ ọ. N ò sọ fún un pé mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnu lásán la fi ń kà á.”

Alhaji gbọ́ àlàyé tán, ẹ̀rín gbé e. “Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ, Ìyá Rósárì! Tèsùbáà tèmi, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Páálí ì bá ti bẹ́!” Ó ní kí àwọn méjèèjì tú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tún un dì. Wọ́n tú u. Àdúràolúwa wà lẹ́nu iṣẹ́ náà di òní, ó sì ti di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe ṣe fún ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí owó ọkọ̀ fò sókè tí ìpàdé fẹ́ tú, òun ló ní bí a kò bá rí ọkọ̀ wọ̀ lọ bá Rósárì, Rósárì á fẹsẹ̀ rìn wá bá wa, ó sì ń gbé e kiri láti òpópónà dé òpópónà.

Àwọn kan ń polówó Rósárì bí àgúnmu: kà á lónìí, kí físà dé lọ́la. Màmá kò bá wọn ṣe é. Rósárì kò jí ọkọ Àdúràolúwa dìde. A kà á lórí Màmá náà ní ọsibítù, ó sì lọ. A ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀ fún yín. Agbára tí àwa fojú rí ni pé ó ń di ẹni tó fẹ́ ṣubú mú, nítorí nínú Rósárì, ohùn ẹlòmíràn ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn tirẹ̀.

Nítorí náà, Bàbá, ìpinnu wa nìyí. Ètò oúnjẹ àlejò àti orin ìsìn ìsìnkú, ẹ fi lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ju ìyẹn lọ, láti ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ẹnìkan nínú wa yóò máa wá jókòó ní ìta yín. Àdúràolúwa ló bẹ̀ wá pé kí òun kọ́kọ́ wá. A ò ní kan ilẹ̀kùn. Yóò ka apá ti Màmá, yóò sì dúró díẹ̀ fún apá tiyín. Bí ẹ kò bá lè dáhùn, yóò gbè é fún yín, yóò bọ́ sí òmíràn. Ìbáà ṣe ọjọ́ mẹ́rin, ìbáà ṣe ọdún mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín léèrè.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá sí ibi ìsinmi. Kí Ó di Amos àti Jemimah mú. Kí Ìyá tó dúró nídìí àgbélébùú Ọmọ rẹ̀, tí a kò gbọ́ pé ó sọ gbólóhùn kan níbẹ̀, wá bá yín jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín. Kí Olùtùnú má ka ìdákẹ́jẹ́ yín sí ẹ̀ṣẹ̀. Kí Ó kà á sí àdúrà. Àmín.

Agnes Hàlímọ̀tù Bọ̀wálé,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.