Irọ́ Tí Ọmọ Mi Pa Nítorí Mi

Olóòtú wa, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò.

Aránṣọ ni mí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní ikọ́ fée. Dókítà ní kí n máa fín oògùn kan sí i lẹ́nu láràárọ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá le. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, ẹ̀rù bà mí kí oògùn má di bárakú fún un, mo bá gbé e pa mọ́.

Kò ju oṣù méjì lọ tí èémí ọmọ fi há nílé ẹ̀kọ́. Orí ló kó o yọ. Nílé ìwòsàn, dókítà bi mí pé, "Màmá, ta ló ní kí ẹ dá oògùn dúró?"

Kí n tó lanu, ọmọ ti fa ìbòmú tí wọ́n fi ń fún un ní afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Èmi ni mo máa ń gbàgbé, sà."

Mo jẹ́ kí dókítà gbà á gbọ́.

Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti gbọ́, "Onígbàgbé" ló ń pè é. Ọmọ á kàn wò mí. Mò ń fún un lóògùn déédéé báyìí, ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi máa ń gbọ́ ètò yín ní ìsọ̀ kápẹ́ńtà rẹ̀. Bàbá ọmọ mi, èmi ni mo dá oògùn náà dúró. Ọmọ ò gbàgbé rárá. Bí ẹ bá bá mi wí, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ìyá ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tó bí?