Kámẹ́rà Tí Kò Ṣàìsàn

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bí ilẹ̀ ibi tí mo wà tiẹ̀ tutù ju ohun tí orúnkún lè gbà lọ. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀sẹ̀ lọ́hùn-ún ní Oǹdó, mo kí ọkọ wọn àtàwọn ọmọ. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Àkúrẹ́. Mi ò dárúkọ yín níbí, nítorí náà ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ìyá tó ń ṣe ohun tí ẹ ṣe.

Òtútù Kánádà ti tún dé, ó ń mú etí bí ẹni pé ó fẹ́ já a gbé lọ. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣàn náà ni mo ṣì wà, èmi tí ẹ máa ń sọ pé mo ti tú rédíò Bàbá palẹ̀ kí n tó mọ ìwé kà. Ara ògiri níbẹ̀, kìkì tẹlifíṣàn ni, àwòrán wọn sì mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú ẹni tó ń kọrin. Mo gbé ọ̀kan wá sílé, mo ra sípíkà tó ń mú ògiri gbọ̀n. Màmá, mi ò rẹ́ni bá wò ó. Bí eré bá pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín èmi nìkan ni mò ń gbọ́. Ó máa ń sú mi, màá sì pa á.

Tẹlifíṣàn ilé wa ìjọ́sí ò ju páálí búrẹ́dì lọ. Bàbá á wà níta, wọn á máa yí òpó eriali, àwa tá a wà nínú ilé á máa ké pé ó ti dára, pé ó tún ti bàjẹ́, pé kí wọ́n dá a padà díẹ̀. Eré á parí kí Bàbá tó wọlé. Ẹ̀yin lẹ ó wá máa ròyìn rẹ̀ fún wọn nídìí oúnjẹ, tí ẹ ó máa sín òṣèré kọ̀ọ̀kan jẹ. Àárò ìròyìn yẹn ń sọ mí ju eré lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fi tẹlifíṣàn oníkámẹ́rà ránṣẹ́ sí yín, kí n lè máa bá yín jókòó ní pálọ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. A rí ara wa fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ara yín ò yá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ẹ ti gbádùn. Láti ìgbà náà ni mi ò ti rí nǹkan kan mọ́ àfi òkùnkùn. Ẹ ní kámẹ́rà ló ń ṣàìsàn.

Èmi àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ bá gbéra sọ! Mo ní kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n Bọ̀sẹ̀ ra dátà mìíràn. Mo bẹ atúnṣe kan lẹ́bàá Ọjà Ọba pé kó wá wò ó. Ó wá, ó jẹ iyán yín, ó sì sọ fún mi lórí fóònù pé kámẹ́rà náà ti kú pátápátá. Ohùn yín pàápàá ń fà, ọ̀rọ̀ ń wọnú ara wọn, èmi ń bú nẹ́tíwọọ̀kì. Mo ti ra kámẹ́rà tuntun, mo tiẹ̀ ti rí ẹnì kan tó ń lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín nítòsí yín tí yóò bá mi mú un wá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n Bọ̀sẹ̀ bú sẹ́kún sí mi létí. Wọ́n ní kámẹ́rà ò kú, pé ìborùn dúdú yín lẹ ká, tí ẹ fi bò ó lójú, ẹ sì bẹ atúnṣe kó má tú àṣírí. Wọ́n ní àìsàn yẹn fa ẹnu yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ò sì fẹ́ kí n rí i, kí n má baà máa sunkún nílẹ̀ àjèjì.

Màmá, inú bí mi. Ó bí mi sí yín, ó sì bí mi sí ara mi, èmi tí mo mọ gbogbo ohun tó lè ṣe ẹ̀rọ, tí mi ò mọ̀ pé ìyá mi ni nǹkan ń ṣe. Mo wá jókòó síwájú tẹlifíṣàn ńlá yẹn, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, mi ò sì lè kúrò níbí títí yóò fi jáde. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ohùn yín nìkan ni n ó máa gbọ́ títí di ìgbà yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe ara lóge nítorí mi. Bí ọ̀rọ̀ bá ń fà, ẹ jẹ́ kó máa fà, mo ní sùúrù. Bí ẹkún bá sì gbọ̀n wá, ká jọ sun ún.

Olúwa yóò wò yín sàn, ẹ ó sì jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí ará ìjọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí kámẹ́rà lójú. Ẹnu yẹn ló kọ́kọ́ kì mí nígbà tí wọ́n gbé mi lé yín lọ́wọ́. Ibi yòówù kó fà sí, mo fẹ́ máa wò ó bó ṣe ń pè mí.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́