Lẹ́tà Ọjọ́ Ìsọmọlórúkọ Àlàmín

                                                  Adjamé Roxy,
                                                  Abidjan.
                                                  14 oṣù kọkànlá, 2024.

Ràmílátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí baálé rẹ, mo kí gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ara tèmi le, ọkàn ni ò balẹ̀. Láàárọ̀ yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣí ìsọ̀ epo mi tí mo tún tì í. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù, ni mo ṣe kọ ọ́.

Àlàmín ni. Wọ́n ti fi í jẹ ọ̀gá láàárín àwọn ológun ojú omi. Ó wọ aṣọ funfun wá kí mi ní Àlàmísì tó kọjá, àwọn oníṣòwò sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá omi, rọra o, epo ò mọ ọ̀gá!" Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí a jókòó ló sọ pé ọkọ̀ àwọn ń bọ̀ ní Èkó lóṣù tó ń bọ̀, òun á sì yà lọ́dọ̀ rẹ.

"Tántì, mo fẹ́ ka àwọn lẹ́tà tí ẹ kọ síra yín, ibi tí ẹ ti dárúkọ bàbá mi olóògbé."

Ìwọ nìkan ló kù tó mọ̀ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Mìkáílù àti ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nígbà tí mo bí i, tí ọkùnrin yẹn sá lọ, Mìkáílù ló ní ìwé ọmọ ìlú níbí. Bí gbogbo wa ti ń ṣe nígbà náà, orúkọ òun àti ìyàwó rẹ̀ la kọ sí ìwé ìbí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo di Tántì, àbúrò bàbá, fún ọmọ mi. Ìwé yẹn ló gbé e wọ ilé ẹ̀kọ́, ló gbé e dórí òkun. Bí àṣírí bá tú, iṣẹ́ lè bọ́.

Mo fẹ́ ní kí o dáná sun wọ́n. Àmọ́ ó ní òun ti fi orúkọ mi sílẹ̀ níbi iṣẹ́, pé èmi ni kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣe òun lójú omi, torí òun ò níyàá mọ́. Ràmílátù, mo wà láàyè, ọmọ mi ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ òrukàn!

Nítorí náà, má kó wọn fún un lọ. Jẹ́ kó ka èyí tí mo kọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, níbi tí mo ti kọ pé èmi ni mo bí i, níwájú rẹ. Tó bá kà á tán, sun gbogbo wọn lójú rẹ̀, sun èyí náà mọ́ wọn. Bó bá bínú, bá mi gbà á mọ́ra. Bó bá béèrè ohun tí òun á máa pè mí, sọ fún un pé ní gbangba, Tántì náà ni. Nínú ilé, mo ń dúró de ẹnu rẹ̀.

Bá mi kí Sìrájù ọmọ rẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Èmi tí o mọ inú rẹ̀,
Kàúsárà.