Agboòrùn Funfun Méjì ní Port Harcourt

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó fi kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́,

Mo ti dé láti Port Harcourt láyọ̀. Kámẹ́rà yín náà dé láyọ̀, ẹ má fòyà. Orí itan mi ni mo gbé e lé láti Ìbàdàn títí dé Àsàbà, mo sì gbé e mọ́ra nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa sọdá Odò Ọya. Wọ́n ń kọ́ afárá lé odò náà lọ́wọ́, ẹ̀yin ì bá fẹ́ rí i. Dírẹ́bà fẹ́ kí n ju kámẹ́rà sẹ́yìn lọ́rì pẹ̀lú àpò iṣu. Mo bi í bóyá ó lè ju ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ óò máa ṣe kàyéfì pé kí ni mo wá lọ síbẹ̀. Ìyá yín ló rán mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: Ìyá Àgbà kò mọ̀ pé ẹ ti kú. Nígbà tí a sin yín ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n yín kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí pé arúgbó kì í gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ kó tún pẹ́ láyé. Wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà pé ẹ ti lọ bá Àǹtí Táyé, ẹni tí ẹ jọ wà nínú oyún kan, ní Port Harcourt, pé ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò síbẹ̀. Inú Ìyá Àgbà dùn. Wọ́n ní ó ti yẹ kí ìbejì àwọn wà lójú kan.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀, Ìyá Àgbà á di gàrí sí àpò méjì, ọ̀kan fún Táyé, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n á gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á gbé èkejì sọ́wọ́ òsì, wọ́n á bu ìkúnwọ́ kan nínú èyí sínú ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má baà bínú. Àwa la máa ń jẹ tiyín nílé. Kì í dùn lẹ́nu mi.

Lọ́dún yìí ojú Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n ní kí ó tó ṣú tán, àwọn fẹ́ rí ìlú tí àwọn ọmọ àwọn wà, odidi ìlú, kì í ṣe fọ́tò orí ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n yín pè mí sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kí n lọ yà á, kí n yà á kó fẹ̀ débi pé kò sí ẹni tí yóò dá ojú ẹnì kan mọ̀, kí àwọn lè na ìka sí ibikíbi kí àwọn sọ pé ibẹ̀ ni ẹ wà. Ara mi kọ̀ ọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ni èmi láti bá ẹ̀gbọ́n yín jiyàn?

Nígbà tí mo ń palẹ̀ àpótí kámẹ́rà mọ́ ni mo rí páálí dúdú yẹn, èyí tí ẹ fi máa ń bo ìdajì ojú kámẹ́rà nígbà tí ìyá ìbejì tí ọ̀kan ti kú bá wá. Ẹ óò gbé èyí tó kù sí apá òsì bẹ́ǹṣì, ẹ óò yà á. Ẹ óò gbé e sí apá ọ̀tún, ẹ óò tún yà á lórí fíìmù kan náà. Bí a bá fọ̀ ọ́ tán, ọmọ méjì ló jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù yín ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìyá Àgbà ló máa ń rẹ àwọn ìyá náà lẹ́kún. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́, kí wọ́n sì máa fún èyí tó kù ní ìpín méjèèjì. Mo dá páálí náà padà sínú àpótí.

Nígbà tí Àǹtí Táyé ṣílẹ̀kùn fún mi ní Port Harcourt, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ojú yín ni mo rí lábẹ́ gèlè. Àwọn ọmọ wọn ò gbọ́ Yorùbá kọjá ẹ káàárọ̀. Mo ní kí àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin kúnlẹ̀ kí mi, ó wò mí tìyanu-tìyanu: “Wetin I do?” Ó rò pé ìyà ni mo fẹ́ fi jẹ òun. A rẹ́rìn-ín títí, àárín ẹ̀rín yẹn sì ni mo ti wá rí i pé a ò tíì dárúkọ yín.

Ọkọ Àǹtí, tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, bá mi tọrọ àyè lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí òrùlé rẹ̀ tẹ́jú, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí wáàfù, ibi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, pẹ̀lú àwọn irin gígùn tí wọ́n fi ń já ẹrù ọkọ̀, odò tó wọ́ gba inú igbó ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú omi, ibùdókọ̀, ẹnu ọjà, àti páànù ilé lọ súà. Fíìmù kan ò lè gbà á. Mo ṣe é bí ẹ ti kọ́ mi: mo de ẹsẹ̀ kámẹ́rà mọ́lẹ̀, mo ń yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, mo ń jẹ́ kí etí fọ́tò kan wọ inú èkejì kí n lè rí ibi gé. Mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ti máa ń ṣe. Mi ò mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é. Kí ló dé tí mi ò béèrè?

Mo ti bẹ Àǹtí pé kí wọ́n ṣí agboòrùn funfun wọn, èyí tí Ìyá Àgbà rà fún wọn nígbà ìgbéyàwó, kí wọ́n dúró níwájú ibùdókọ̀. Mo fẹ́ kí Ìyá Àgbà rí ọmọ kan, ó kéré tán, tí kì í ṣe irọ́. Wọ́n dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Táyé yín, ilẹ̀ kì í gbà wọ́n. Bí wọ́n ṣe rí i pé mo ti yí kámẹ́rà kúrò lápá ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbà pé tiwọn ti parí, wọ́n forí lé ọjà. Ìkùukùu bo òòrùn, èmi ń wo ojú ọ̀run. Òòrùn yọ, mo yà á, mi ò wo ilẹ̀.

Onífọ́tò kan, ará Ikwerre, yá mi ní yàrá òkùnkùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn fọ́tò náà ń léfòó nínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n.

“Sister, dis woman na twins?”

Mo wò ó. Àǹtí Táyé wà níwájú ibùdókọ̀ pẹ̀lú agboòrùn funfun. Àǹtí Táyé tún wà lẹ́nu ọjà pẹ̀lú agboòrùn funfun. Lójú ẹlòmíràn, àṣìṣe oníṣẹ́ ni. Lójú ìyá ìbejì, Bàbá, kí ni?

Mo fi abẹ gé àwọn fọ́tò náà, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí gígùn kan, mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti yíǹkì pa ojú ibi tí wọ́n ti pàdé rẹ́. Páànù bá páànù mu, odò bá odò. Ó ku agboòrùn. Mo tún mú abẹ kí n ha ọ̀kan kúrò. Àǹtí ti jókòó tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n lanu.

“Èwo nínú wa lo fẹ́ ha kúrò?”

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n sunkún yín lójú mi. Èmi náà sunkún. Mo dá abẹ padà sínú ìwé rẹ̀. Ṣé ohun tó tọ́ ni mo ṣe? Ṣé ẹ̀yin ì bá hà á?

Nílé, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀gbọ́n yín ló kọ́kọ́ wo fọ́tò náà. Wọ́n yìn mí, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n tẹ́ ẹ síwájú Ìyá Àgbà lórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n na ìka sí òrùlé kan, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Kẹ́hìndé nìyẹn. Ìyá Àgbà ò wo ibẹ̀. Wọ́n gbé ojú sún mọ́ fọ́tò náà, wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀nà láti wáàfù. Wọ́n kan agboòrùn níwájú ibùdókọ̀, inú wọn dùn, wọ́n pe Táyé. Ìka wọn tún ń lọ. Ó dé ẹnu ọjà, ó dúró.

Wọ́n wá fi ọwọ́ kejì lé agboòrùn àkọ́kọ́, ọwọ́ méjèèjì wà lórí fọ́tò bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọn gàrí. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo yà á. Mo ní èmi ni.

“Kẹ́hìndé kọ́ ọ dáadáa.”

Ẹ̀gbọ́n yín ṣì ń ṣàlàyé ṣọ́ọ̀bù. Mo ń retí kí Ìyá Àgbà figbe ta, wọn ò figbe ta. Wọ́n kàn ní kí n bá wọn gbé fọ́tò náà kọ́ sí ibi tí ọwọ́ wọn lè tó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a rí lọ́rì tó ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá Àgbà di gàrí sí àpò méjì, wọ́n gbé wọn wò lọ́tùn-ún lósì, wọ́n bu ìkúnwọ́ kan láti inú èyí sínú ìyẹn títí wọ́n fi dọ́gba. Mo dúró kí wọ́n dárúkọ wọn fún mi, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n ti àpò kìíní sí mi, wọ́n ní ti Táyé ni. Wọ́n ti èkejì sí mi.

“Ti Táyé náà ni.”

Mo so méjèèjì pọ̀, mo gbé wọn lọ sí gáréèjì.

Ẹ máa sinmi, Bàbá mi. Mo fẹ́ràn yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń fi kámẹ́rà yín ṣiṣẹ́.