Bí Mo Ṣe Di Ìyá Ìkà Nínú Fíìmù Oríyọmí

Agboolé Alẹ́ní,
Òkè Bálógun,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2006.

Sàhéédì, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Mínà níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé o sì ń rí oúnjẹ gidi jẹ? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìdùnnú. Àwa náà wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún tó ń dà mí láàmú ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀, ẹja sì pọ̀ lọ́jà lóṣù yìí. O máa ní kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ Oríyọmí ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí káàdì tán mọ́ mi lẹ́nu láàárín rẹ̀. Jọ̀ọ́, kà á dé ìparí kó o tó bínú.

Ìyá rẹ ti di òṣèré. Má rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkọ̀ kan kó àwọn tó ń ṣe fíìmù wá láti Ìkòròdú. Wọ́n ń wá etí ọ̀sà tí kò sí òpó iná tàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí ìtàn ayé àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ yà. Ta ni mo rí tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, tó wọ ṣòkòtò, tó fi fìlà bo irun? Oríyọmí ni, ọmọ Ìgbògbò tí ẹ jọ kàwé, tí ẹ jọ ń fẹ́ra yín. Òun ló kọ ìtàn náà, òun náà ló ń darí gbogbo wọn. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo ẹ̀yìnkùlé yín.” Kò dárúkọ rẹ, èmi náà ò sì dárúkọ rẹ. Mo kàn ní kí wọ́n wọlé.

O rántí ìtàn ọmọ òrukàn tí wọ́n kọ́ yín níléèwé, tó sá kúrò láàfin tí bàtà rẹ̀ kan bọ́, tí ọmọ ọba wá ń wá ẹni tí bàtà náà bá mu kiri. Òun ni Oríyọmí sọ di ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọmọ ọba sì ń fi ọkọ̀ ojú omi wá olólùfẹ́ rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n bàtà ló ṣì fi síbẹ̀! Mo ní, “Oríyọmí, ta ló ń wọ bàtà lọ sétí ọ̀sà láyé ìgbà yẹn? Ẹsẹ̀ mélòó ni bàtà kan ṣoṣo ò sì ní bá mu?” Ó ní kí ni kí òun wá fi rọ́pò rẹ̀. Mo mú un wọ yàrá, mo fi ẹní tí mo ń hun hàn án. Mo ní kí ọmọ òrukàn fi ẹní sílẹ̀ láàbọ̀ nígbà tó sá lọ, kí ọmọ ọba gbé e kiri, kó sì fẹ́ ẹni tó bá hun ún lọ tí ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò hàn. Ìwọ náà mọ̀ pé bí mo bá wo ẹní kan báyìí, màá sọ ẹni tó hun ún fún ọ nínú gbogbo àwa tí a ń hun ún ládùúgbò. Ọmọ náà fò sókè, ó dì mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó yẹ kó ṣe ìyàwó bàbá tó ń fìyà jẹ ọmọ òrukàn ránṣẹ́ pé ara ọmọ òun ò yá. Ògúnsànyà, ẹni tó ń ya fíìmù náà, wò mí títí, ó ní, “Màmá, ojú yín yìí gan-an la ń wá. Ẹ bá wa ṣe é jàre.” Mo bú u dáadáa, àmọ́ kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe! Mo jágbe mọ́ Ṣẹ̀rífátù, ọmọ tó ń ṣe ọmọ òrukàn, títí ó fi sunkún gidi. Ẹja díndín méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ nígbà tí a ṣe tán.

Ó wá ku ibi tí ọmọ ọba dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọmọ òrukàn wà nínú yàrá, wọ́n ní kí èmi dí ẹnu ọ̀nà, kí n sì sọ pé, “Kò sí nílé. Kò sì fẹ́ rí yín.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ògúnsànyà ní bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ mí, wọ́n bu omi fún mi, mo mu ún, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ò jáde.

Sàhéédì, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí o lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Mínà, Oríyọmí wá láti Ìgbògbò láti kí ọ pé ó dàbọ̀. Ó mú súwẹ́tà kan dání, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọyẹ́ ibẹ̀ máa ń mú. Ìwọ ń sùn nínú yàrá. Mo dí ẹnu ọ̀nà, mo ní, “Kò sí nílé. Kò sì fẹ́ rí ọ.” Ó fi súwẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́, ó lọ, mo sì gbé e pamọ́. Nígbà tó o jí, o bi mí bóyá ẹnikẹ́ni wá, mo ní rárá. Mo rí bí ojú rẹ ṣe rọ̀. Ìwọ rò pé kò wá, òun rò pé o kọ òun, agídí ẹ̀yin méjèèjì ò sì jẹ́ kí ẹnì kan pe ẹnì kejì. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ tó ń gbé kámẹ́rà kiri ò ní lè jókòó ti ọkọ. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé lẹ́yìn tí bàbá rẹ ti lọ, òun náà máa mú ọ lọ, á wá ku èmi nìkan nínú ilé. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́.

Mo ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Mo fa Oríyọmí lọ sídìí àmù omi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, aṣọ ìyá ìkà ṣì wà lọ́rùn mi. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ ti ń ṣe eré yìí nílé kí n tó kọ ọ́ ni?” Ó tún pẹ́ díẹ̀ kó tó ní òun ti dárí jì mí. Nígbà tí a pa dà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ gbólóhùn náà, torí ó ti di eré. Ògúnsànyà pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìgbéyàwó ọmọ ọba létí ọ̀sà ló kù tí wọn ò tíì yà, Sátidé ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọ́n fi í sí. Oríyọmí ní kí n má bá òun bẹ ẹnikẹ́ni, pé bí o bá fẹ́ wá, o ṣáà mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Èmi náà ò ní kí o fẹ́ ẹ nítorí mi. Tọrọ àyè níbi iṣẹ́ rẹ, kó o wá, kí ẹ jókòó sọ̀rọ̀, èmi máa wà ní ẹ̀yìnkùlé. Súwẹ́tà náà ló wà nínú páálí tí Mọ́ṣúdù awakọ̀ gbé wá pẹ̀lú ìwé yìí. Ìsàlẹ̀ àpótí mi ló ti wà láti ọjọ́ yẹn. Wọ̀ ọ́, ọyẹ́ ti fẹ́ dé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó mú ọ dé láyọ̀, kó má sì jẹ́ kí àṣìṣe mi di ìbànújẹ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ á ba ire, wàá sì rí ẹni bá ọ jẹ ẹ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó ti bọ́ aṣọ ìkà sílẹ̀,
Kúlúsúmù.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: ṣé o rántí ẹní ńlá tí mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tó o wọ iléèwé gíga, tí mo ní ti ìyàwó rẹ ni, tí mo wá pa tì? Lánàá, mo gbé e fún Oríyọmí pé kó bá mi hun ún lọ díẹ̀, kí n wo ọwọ́ rẹ̀. Sàhéédì, kò mọ̀ ọ́n hun rárá! Gbogbo rẹ̀ wọ́, ibi tí mo dúró àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sì hàn kedere. Bó bá jẹ́ ọmọ ọba inú fíìmù ni, á ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ pa dà. Mo wò ó títí di àárọ̀ yìí, mo sì jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun tèmi lọ láti ibi tó fi í sí. Mi ò ní tú u.