Bákírì Yamúnàbáì Tí N Kò Jẹ

Sulọ́ṣánà àbúrò mi,

Èmi tí mo ru bíríkì láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo sùn sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí n kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, tí mo sì wọlé ìbò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, èmi Kísan ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo kí ọ, pẹ̀lú ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ní Dùbáì. Ara ìyàwó mi ti yá, orúnkún mi ló kù. Òwú wa ṣe dáadáa.

Ìtìjú ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ìbò ti dé tán, o sì mọ̀ pé àwa olóṣèlú a máa lọ jẹun nílé tálákà kí wọ́n lè yà wá ní fọ́tò. Ilé Yamúnàbáì, tó bọ́ wa nígbà tí ìyá wa kú, ni mo lọ. Ó ti ṣe bákírì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ọkà bàbà, àti ata gígún sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn mi gbé oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì wá, òun ni mo jẹ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kísan, o mà ti di ẹni ńlá o! Nígbà tí ebi ń pa ẹ́, o ò bi mí bóyá ọwọ́ mi mọ́."

Wọ́n ya fọ́tò tán, mo sì dìde lọ, èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi.

Bá mi gbàdúrà. Ilé yín kò ní dàrú. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi nìkan ni n óò padà lọ sílé Yamúnàbáì, láìsí kámẹ́rà, n óò jókòó sílẹ̀, n óò sì tọrọ bákírì.