Màmá Mosúnmọ́lá Akínlóyè (1956–2025), Tí Kò Jẹ́ Ká Fi Ìwé Òkú Wa Fẹ́ra

Ìlú Ìpẹ̀rù Rẹ́mọ ni ilé Ọládòṣù ti gba Màmá wa Mosúnmọ́lá lálejò ayé ní ọdún 1956. Pa Ọládòṣù, bàbá wọn, ló ń tún Bíbélì àti ìwé orin tó bá ti já rán fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Màmá Oyèmọ́lá, ìyá wọn, ń ta aṣọ. Títí dọjọ́ ikú ni Màmá ń sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé ọmọ atúnwèéṣe ni àwọn.

Wọ́n kàwé ní Ìpẹ̀rù, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Ìbàdàn. Ní 1983, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínlóyè, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó sọ níjọ́ ìgbéyàwó pé òun ti rí ẹni tí òun á máa bá gbé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá kò rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀hún títí wọ́n fi sùn ní 2014, wọn kò sì fẹ́ ẹ mọ́.

Ní 1992, wọ́n kó dé Broughton, ní Salford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá kọ́kọ́ ń di ẹrù ní wáhàósì ní Wigan kí yunifásítì kan ní Manchester tó gbà wọ́n sí ilé ìkàwé rẹ̀. Ní 2004, wọ́n gbé wọn lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú ohun tí kò ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Màmá rí ìwé àwọn ahunṣọ níbẹ̀, wọ́n rí ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n bi ọ̀gá wọn pé, "Àwa Yorùbá dà?" Ọ̀gá ní, "Kí lẹ ní?"

Nígbà tí wọ́n ṣìnkú kan tán ní Bolton, Màmá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àga, wọ́n ń ṣa ìwé ètò ìsìnkú tí àwọn èèyàn ti fi fẹ́ra, tí wọ́n ti fi wé mọ́ínmọ́ín. Báyìí ni àkójọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí òkú Yorùbá láti Wigan dé Salford tí Màmá kò dé ibẹ̀. Tí ẹbí bá ti fọwọ́ sí i, inú àpótí ní ilé ìkàwé ni ìwé rẹ̀ ń lọ.

Wàhálà dé ní 2011. Ìròyìn ta sí ìjọ wọn ní Bolton pé Màmá wa, Màmá Lọ́lá, ń kó àwòrán òkú pamọ́ sí yàrá tútù níbi iṣẹ́. Òótọ́ sì ni. Yàrá náà tutù, nítorí ooru ń ba ìwé jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Díkónẹ́ẹ̀sì Monísọ́lá, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, kéde pé kí kálukú lọ gba òkú rẹ̀ padà. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé ìkàwé. Ọ̀gá wá sọ fún Màmá pé bí àwọn tó ni ín kò bá fẹ́ ẹ mọ́, wọn yóò dá gbogbo rẹ̀ padà.

Màmá kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ aládùúrà wá gbàdúrà síbẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù òróró. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Òróró ò wọlé, Díkónẹ́ẹ̀sì."

"Ẹ gbọ́ o! Ohun tó wà níbẹ̀ ń bẹ̀rù òróró!"

"Ìwé ló ń bẹ̀rù ẹ̀. Omi mímu ọ̀gá mi gan-an ò wọlé."

Wọ́n ti òróró mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú kóòtù wọn, wọ́n fọwọ́, wọ́n nu ún gbẹ. Díkónẹ́ẹ̀sì dúró ti tábìlì, wọ́n ti la ẹnu àdúrà. Màmá rọra ṣí ìwé kan síwájú wọn: ìsìnkú Bàbá Ẹ̀ríolúwa, ọkọ Díkónẹ́ẹ̀sì fúnra wọn, tó sùn ní 2006. Díkónẹ́ẹ̀sì ti pín gbogbo tọwọ́ wọn fún àlejò, kò ku ẹyọ kan. Bàbá ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán, eyín iwájú kan ò sí níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ aládùúrà ń retí iná. Díkónẹ́ẹ̀sì ní, "Mo ní kí wọ́n má lo fọ́tò yìí. Mo ní eyín ẹ̀ ń dójú tì mí." Wọ́n bú sẹ́kún.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Màmá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sẹ́yìn. Kó má kán sí i."

Díkónẹ́ẹ̀sì rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún sápá aṣọ wọn, wọ́n sì jókòó ti ọkọ wọn títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n dìde nínú ìjọ: "Ẹni tí ò bá tíì mú òkú ẹ̀ wá, kó tètè mú un wá o!"

Màmá fẹ̀yìn tì ní 2021. Lórí ibùsùn àìsàn, wọ́n ń ka ìwé ìsìnkú àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ń bínú. "Gbogbo òkú wa ni kò bá èèyàn jà rí. Ta ló wá ń pariwo ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì? Lọ́lá, kọ ọ́ pé ẹnu mi mú. Ẹni tó bá kà mí lọ́jọ́ iwájú, kó mọ̀ pé èmi ni." A ti kọ ọ́, Màmá. Ẹnu yín mú. Ẹ kì í yáni ní bírò. Ẹ fẹ́ràn Ọlọ́run, ẹ ò sì fẹ́ràn ìwàásù gígùn.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní oṣù kejì ọdún 2025. Wọ́n fi ọmọ sáyé: Lọ́lá, Ṣẹ̀san àti Adémiládé; àti ọmọ-ọmọ: Àánúolúwa àti Olúwatúnmiṣe.

Ẹ̀yin èèyàn wa, Díkónẹ́ẹ̀sì Monísọ́lá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Wọ́n ti fọwọ́. Kí ẹ tó kọjá sídìí oúnjẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún wọn ní ìwé yìí kan tí ẹ kò ká. Ẹ̀gbẹ́ ìwé Bàbá Ẹ̀ríolúwa ní ilé ìkàwé ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un.

Màmá wa, ọmọ Ọládòṣù atúnwèéṣe, ibi tí ìwé yín ń lọ tutù, ó gbẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi yín fẹ́ra. Kí Olúwa tọ́jú yín bí ẹ ṣe tọ́jú tiwa. Ẹ sùn re o.